Ta Ló Ni Ilé-Iṣẹ́? Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Láti Belgrade Dé Solin

Ọjọ́ kìíní: Belgrade

Ọ̀rọ̀ Trade Fair ló gbé mi dé Belgrade. Ẹni tó bá mọ Èkó á mọ ibẹ̀, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti ń ta bàtà, ìpara àti páàtì mọ́tò. Ìyá mi ta bàtà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, abẹ́ àwọn òrùlé ńláńlá wọ̀nyẹn ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Energoprojekt, ilé-iṣẹ́ kan láti Belgrade, ló kọ́ ọ, pé Zoran Bojović ló ya àwòrán rẹ̀, àti pé ọdún FESTAC gan-an, 1977, ni wọ́n ṣí i. Ohun tó wá gbà mí lóorun ni pé nínú òfin Yugoslavia ìgbà yẹn, orílẹ̀-èdè tí Belgrade jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ kí ó tó fọ́, ilé-iṣẹ́ tó kọ́ Trade Fair kò ní olówó kankan tó ni ín. Ìjọba pàápàá kò ni ín. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso rẹ̀.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà fún ọdún mọ́kàndínlógún. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa, ara géètì ni bàbá ti kà á, nínú bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó bóyá ibì kan wà láyé tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n wá kàwé ẹ̀rọ níbí ní 1981, wọ́n gbéyàwó síbí, wọn ò sì padà mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n yára fà mí dìde, wọ́n ní, "Káàbọ̀, àbúrò. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnì kan ti dọ̀bálẹ̀ fún mi gbẹ̀yìn." A jẹ ẹ̀wà tí ìyàwó wọn sè, mo sì sùn bí òkúta.

Ọjọ́ kejì: Belgrade

Ẹ̀gbọ́n mú mi lọ sí Museum of Yugoslavia, níbi tí sàréè Tito, tó ṣàkóso Yugoslavia títí tó fi kú ní 1980, wà nínú ilé tí wọ́n ń pè ní Ilé Òdòdó. Mo ti rò pé màá pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ìta ni a ti jókòó jù, tí ẹ̀gbọ́n ń tú ọ̀rọ̀ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 28 oṣù kẹfà 1948 ni Stalin, olórí Soviet Union, àtàwọn ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì yòókù lé Yugoslavia kúrò láàárín wọn. Ọ̀nà ọjà dí, owó ìrànwọ́ dá, ìbẹ̀rù ogun sì gbòde. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ Tito, Kardelj, Kidrič àti Djilas, wá ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi fi hàn pé àwọn ṣì jẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́, ju Stalin pàápàá lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ni òfin 27 oṣù kẹfà 1950, tó gbé ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. *Fabrike radnicima*, ilé-iṣẹ́ di ti òṣìṣẹ́, ni igbe ìgbà náà. Orúkọ tí wọ́n sọ ètò yìí ni *samoupravljanje*, kí èèyàn máa ṣàkóso ara rẹ̀.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an fún mi, nítorí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí, òfin ìpàdé kì í sú mi. Níbi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó ọgbọ̀n, gbogbo wọn ni ìgbìmọ̀. Níbi tí wọ́n bá pọ̀, wọ́n á dìbò yan èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgọ́fà. Ìgbìmọ̀ yẹn á yan àwọn aláṣẹ kéékèèké, ẹni mẹ́ta sí mọ́kànlá, ó sì di dandan kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn jẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Kò sí owó oṣù fún jíjẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀. Dírẹ́kítọ̀ wà, ṣùgbọ́n iwájú ìgbìmọ̀ ni ó ti ń jíhìn.

"Ó dùn ún gbọ́, àbí?" Ẹ̀gbọ́n fi ìbọ̀wọ́ wọn nu ìjókòó. "Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú rí fún ọ."

Nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì, wọ́n rán wọn lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì gbà wọ́n láyè kí wọ́n jókòó sẹ́yìn nínú ìpàdé ìgbìmọ̀. Ohun méjì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n fẹ́ fi gbèsè rà láti ilẹ̀ òkèèrè. Dírẹ́kítọ̀ ka ewé bébà mẹ́fà, ó ka orí owó, ó ka èlé, ó jókòó. Ẹnì kan béèrè ìbéèrè kan. Wọ́n nawọ́ sókè, ó parí. Èkejì ni fúláàtì mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ pín fáwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gba ìrọ̀lẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tó ti ń dúró láti ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n pariwo, wọ́n sunkún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń lọ irin léèrè ìdí rẹ̀, ó dáhùn pé, "Fúláàtì, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ yẹn, ẹni tó kọ ìwé rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n."

Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwa ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ra ilẹ̀ kan. Èmi fúnra mi ni mo ka ìwé rẹ̀ sétí ìpàdé gbogbogbòò, lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí agbẹjọ́rò ṣe kọ ọ́. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún tí gbogbo wọn fi nawọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò kọ́kọ́ yá owó ló gba wákàtí méjì. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kàn mi orí.

Ní ìrọ̀lẹ́, a gba Kalemegdan kọjá, odi àtijọ́ tó wà lókè ibi tí odò Sava ti ń wọ Danube. Ọkùnrin kan pàtẹ owó àtijọ́ síbẹ̀. Mo ra owó bébà 1,000 dínárì ọdún 1955. Òṣìṣẹ́ irin ló wà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọ̀gágun. Mo fi í sínú ìwé ìrìnnà mi.

Ọjọ́ kẹta: Kragujevac

Wákàtí méjì nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé mi láti máa túmọ̀. Ìlú Zastava, ilé-iṣẹ́ ìbọn àti mọ́tò, nìyí. Láti 1853 ni wọ́n ti ń rọ ìbọn àgbá níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń to Yugo, mọ́tò tí wọ́n ń tà dé Amẹ́ríkà. Páàtì Yugo ń wá láti gbogbo ìpínlẹ̀ Yugoslavia. Bọ́ǹbù NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ba ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ní oṣù kẹrin 1999, Yugo ìkẹyìn jáde ní 2008.

Ṣùgbọ́n ìyá kan ni mo wá rí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń rán ìbora àga mọ́tò. Wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi ṣíbí kan èso tí wọ́n sè mọ́ ṣúgà àti ife omi kan ṣe wá lálejò, bí àṣà ilé wọn, kí kọfí tó dé.

Mo bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ ni ilé-iṣẹ́ jẹ́ tiyín? Wọn ò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà. Oúnjẹ gbígbóná lọ́sàn-án. Ilé ìsinmi létí òkun, tí ilé-iṣẹ́ kọ́, tí òṣìṣẹ́ àti ọmọ rẹ̀ ń lọ ní owó pọ́ọ́kú. Igi ìdáná àti ààbọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń bá wọn rà ṣáájú òtútù, tí wọ́n á máa san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá mẹ́nu kan *kasa uzajamne pomoći*, àpótí ìrànlọ́wọ́ ara ẹni: oníkálukú ń dá owó díẹ̀ sínú rẹ̀ lóṣooṣù, ẹni tí nǹkan bá ṣe á yá níbẹ̀ láìsan èlé.

Mo fò sókè lórí àga. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àjọ ni!" Ẹ̀gbọ́n ní, "Àjọ ni kẹ̀." Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá, ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè: ta ló ń di owó mú? Tí ẹnì kan bá sá ńkọ́? A sọ ọ̀rọ̀ àjọ fún bíi wákàtí kan, mo sì lérò pé òun ni wákàtí tó dùn jù nínú gbogbo ìrìn-àjò yìí. Ìyá ní nínú gbogbo ohun tó wà nílé-iṣẹ́ nígbà yẹn, àpótí yẹn nìkan ni àwọn kò ṣiyèméjì lé lórí rí pé tàwọn ni, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ iye tó wà nínú rẹ̀.

Wọ́n tún fi ìwé òfin kan hàn mí. Òfin iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ti 1976 ni, abala 671 ló wà nínú rẹ̀. Ìjọba ti rí i pé dírẹ́kítọ̀ àti báńkì ti ń lágbára jù lẹ́yìn àtúnṣe ọrọ̀-ajé 1965, wọ́n wá gé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, kí òṣìṣẹ́ lè sún mọ́ àṣẹ. Oníkálukú ẹ̀ka ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, àdéhùn tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka kejì. Ìyá ní, "Ìpàdé pọ̀ débi pé a ò mọ èyí tí a ti pinnu nǹkan." Wọ́n ń ka ìwé náà ní alaalẹ́ nígbà yẹn, wọn ò kà á tán.

Ọjọ́ kẹrin: lójú ọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n padà sí Belgrade. Èmi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tuzla ní Bosnia. A sọdá odò Drina ní Zvornik, wọ́n wo ìwé ìrìnnà mi fún ìgbà pípẹ́. Òjò rọ̀ títí.

Ọjọ́ karùn-ún: Tuzla

Ìlú iyọ̀ ni Tuzla, ìlú àwọn tó ń wa èédú. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dita, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977. Lẹ́yìn ogun tó jà ní Bosnia láti 1992 sí 1995, wọ́n tà á bí wọ́n ṣe ta ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yòókù. Gbèsè gun orí gbèsè, owó oṣù dá, owó ìfẹ̀yìntì kò sí. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ géètì lọ́sàn-án lóru kí ẹnikẹ́ni má baà kó ẹ̀rọ jáde. Mo tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i nínú àkọsílẹ̀ mi: wọn kò gba owó oṣù, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Ta ló ń ṣọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2014, àwọn òṣìṣẹ́ Dita àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ti wọmi wọ́ jáde sí iwájú ilé ìjọba. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìwọ́de ti ràn ká Bosnia, iná jó ilé ìjọba, ìjọba ẹkùn Tuzla sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àwọn aráàlú wá ń pàdé nínú gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè sọ̀rọ̀, wọ́n pè é ní *plenum*. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n fòpin sí "búrẹ́dì funfun", ìyẹn owó oṣù tí olóṣèlú ṣì ń gbà fún ọdún kan lẹ́yìn tó bá kúrò lórí àga. Wọ́n fòpin sí i lóòótọ́.

Èyí tó wú mi lórí jù ló tẹ̀ lé e. Ní 2015, nígbà tí Dita ti wà lábẹ́ ètò ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè wọkùn, àwọn òṣìṣẹ́ tó kù tún ẹ̀rọ ṣe fúnra wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọṣẹ. Àwọn aráàlú ń ra Arix àti 3de, ọṣẹ tí Dita ń ṣe, láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò pẹ́ títí lọ. Wọ́n padà ta ilé-iṣẹ́ náà.

Ní ilé kọfí kan tó wà nítòsí ọjà, mo bá ọkùnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ó wà nínú ìwọ́de yẹn. Mo bi í pé ibo ni ìgboyà yẹn ti wá. Ó ní bàbá òun wà nínú ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà ayé Tito, òun sì dàgbà sínú ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ nídìí oúnjẹ alẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oko ẹbí. Ọ̀rọ̀ "oko ẹbí" yìí, èmi ni mo fi Yorùbá wọ̀ ọ́. Ohun tó wí gan-an ni "ilẹ̀ wa". Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi nínú bọ́ọ̀sì ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kẹfà: Zenica

Mo yọ 1,000 dínárì mi síta níwájú iléeṣẹ́ irin Zenica. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀ ni Arif Heralić, òṣìṣẹ́ ìdí iná ààrò ní ibí yìí. Oníròyìn kan ló ya fọ́tò rẹ̀, ìjọba sì gbé e sórí owó láti fi hàn gbogbo ayé pé òṣìṣẹ́ ló ni ilẹ̀ náà. Ojú rẹ̀ wà lápò gbogbo ènìyàn láti Slovenia dé Macedonia. Nígbà tí wọ́n yọ òdo méjì kúrò lára owó ní ìbẹ̀rẹ̀ 1966, wọ́n tún fi í sórí 10 dínárì. Ó kú ní 1971, inú òṣì ni ó kú sí.

Mo jókòó sórí ògiri kúkurú kan, mo wo ojú rẹ̀ títí. Mo rántí bàbá mi, mo sì sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ keje: Zenica sí Split

Ọjọ́ bọ́ọ̀sì gbáko, Sarajevo, Mostar, òkè lẹ́yìn òkè. Àyè wà láti ronú.

Ọkùnrin Tuzla ló ṣí mi lójú. Ilẹ̀ ẹbí ni ètò yìí jọ. Ohun-ìní àwùjọ ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ nígbà náà: òṣìṣẹ́ lè fi ṣiṣẹ́, ó lè jẹ èrè ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ orí owó rẹ̀, kò sì lè tà á, bí ẹni tó ń dáko sórí ilẹ̀ ẹbí ṣe lè jẹ iṣu tí kò sì lè ta ilẹ̀. Ẹwà ibẹ̀ nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ náà nìyẹn. Ọmọ ẹbí tó ti ń dáko kì í fẹ́ kí àwọn tuntun wá pín ín. Benjamin Ward, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ ní 1958 pé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á fẹ́ fi kún owó àwọn tó wà nínú ilé ju kí ó gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Bóyá ìdí yẹn nìkan kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tó, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn sì ti lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì àti àwọn ìlú tó yí i ká nígbà tí yóò fi di 1973. Agbálẹ̀ ilé-iṣẹ́ olówó ń gba ju agbálẹ̀ ilé-iṣẹ́ tálákà lọ, ìgbálẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń lò.

Wọ́n ń daṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn awakùsà Trbovlje ní Slovenia ló kọ́kọ́ ṣe é, ní oṣù kìíní 1958. Ìjọba kò pè é ní ìyanṣẹ́lódì, "ìdádúró iṣẹ́" ni wọ́n pè é, nítorí ta ni ènìyàn ń bínú sí nínú ilé ara rẹ̀? Ní ọdún 1980 sókè, gbèsè òkèèrè tó nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là, IMF, àjọ tó ń yá ìjọba lówó, dé, owó oṣù ń yọ́ lọ́wọ́, ọ̀wọ́ngógó 1989 sì gbé owó bébà mílíọ̀nù kan dínárì jáde. Àwọn awakùsà Labin daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1987 fún ohun tó ju oṣù kan lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ náà wá fọ́, ìjọba tuntun kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di olórí ẹbí. Ní Croatia, òfin 1991 ló sọ ohun-ìní àwùjọ di ohun tí wọ́n lè tà, èyí tí wọn ò bá sì tíì yí padà bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìjọba. Olórí ẹbí ta ilẹ̀, àwọn tó ń dáko gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. A mọ irú rẹ̀ dáadáa nílé.

Ọjọ́ kẹjọ: Solin àti Split

Bọ́ọ̀sì kúkurú láti Split, ìlú etí òkun ní Croatia, dé Solin. Odò Jadro mọ́ gaara. Àwókù ìlú Róòmù àtijọ́ wà lápá kan, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà lápá kejì, òkè tí wọ́n ti wà já funfun lókè wọn. Níbí, ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Prvoborac, ni wọ́n ti yan ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́, ní 29 oṣù kejìlá 1949, oṣù mẹ́fà kí òfin tó jáde.

Mo ti ń rò láti Èkó pé àwọn òṣìṣẹ́ Solin ló dìde gbà á. Ẹ̀gbọ́n ti tún un ṣe fún mi lórí fóònù lóru àná. Ìwé kan ló wá láti Belgrade ní ìparí oṣù yẹn, Kidrič fọwọ́ sí i lórúkọ ìjọba, Salaj fọwọ́ sí i lórúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, pé kí ilé-iṣẹ́ ńlá 215 yan ìgbìmọ̀. Solin ló yá jù. Òkè ló ti wá. Bí ó ṣe wá láti òkè ní 1949, òkè náà ló ti gbà á padà ní 1991. Èyí tí àwọn Dita ṣe ní 2015 ní tiwọn, ọwọ́ ara wọn ló ti wá, wọn ò sì ní òfin kankan lẹ́yìn. Mo dúró lójú ọ̀nà tí eruku sìmẹ́ńtì ń bà lé bàtà mi, ó ń dùn mí pé ìran méjèèjì kò pàdé, àwọn tó ní òfin láìní agbára, àtàwọn tó ní agbára láìní òfin.

Síbẹ̀, ọdún ogójì ni wọ́n fi gbìyànjú rẹ̀. Ìyá tó ń rán àga mọ́tò jókòó sínú ìpàdé, wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó nawọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré lójú ọmọ ẹni tó ka ìparí iṣẹ́ rẹ̀ lára géètì.

Ní ìrọ̀lẹ́, létí òkun Split, mo pe akápò ẹgbẹ́ wa, Ìyá Ìbejì.

"Akọ̀wé, ẹ kú ìrìn o. Ìròyìn owó ọdún yìí ti dé ọwọ́ onítẹ̀wé. Ṣé bí ti àtẹ̀yìnwá náà ni?"

"Rárá, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà. Yorùbá ni ká fi kọ ọ́, kó sì dé ọwọ́ oníkálukú ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé. Kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn wà lójú ewé àkọ́kọ́, iye tí a rà á, iye tó kù tí a jẹ, iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ilẹ̀ ọ̀hún ni ẹ fẹ́ gbé síwájú? Wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè, Mà."

"Ó dáa. Màá pe onítẹ̀wé láàárọ̀ ọ̀la."